Kerry gba ife 39, àmọ́ ta ni yóò gba èyí tó kàn?

Ní ọjọ́ 27, oṣù Keje, ọdún 2025, Kerry na Donegal ní Croke Park nílùú Dublin, pápá tó ń gba èèyàn tó lé ní 82,000. Ìgbà kọkàndínlógójì nìyẹn tí Kerry máa gba ife gbogbo Írẹ́láńdì, ife tó ga jù nínú bọ́ọ̀lù ìbílẹ̀ àwọn ará Írẹ́láńdì. Kò sí káúńtì tó gbà á tó bẹ́ẹ̀. Dublin ló tẹ̀ lé wọn, 31 sì ni tiẹ̀.

Bí mo bá wá sọ fún yín pé àwọn kan nínú àwọn kíláàbù abúlé tó ń bí irú àwọn ọmọ yìí ń wá ẹni 15 tí wọ́n máa kó wọ pápá, ẹ lè ní irọ́ ni. Kì í ṣe irọ́ o. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé bí nǹkan méjèèjì ṣe lè jẹ́ òótọ́ lẹ́ẹ̀kan náà.

Irú bọ́ọ̀lù wo nìyí ná?

Kì í ṣe irú èyí tí Osimhen ń gbá. Èèyàn 15 ló ń wà nínú ikọ̀ kan. Wọ́n lè fi ọwọ́ mú bọ́ọ̀lù, wọ́n lè fi ẹsẹ̀ gbá a, wọ́n sì lè fi ẹ̀ṣẹ́ gbá a sí ara wọn. Òpó góòlù wọn dà bíi lẹ́tà H. Bí bọ́ọ̀lù bá wọ inú àwọ̀n nísàlẹ̀, góòlù nìyẹn, máàkì 3. Bó bá gba òkè igi ìdábùú kọjá, máàkì 1 ni. Láti ọdún 2025, ẹni tó bá gbá a gba òkè láti ẹ̀yìn ìlà 40 mítà á gba máàkì 2. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi kọ èsì Kerry àti Donegal báyìí: 1-26 sí 0-19. Góòlù kan pẹ̀lú máàkì 26, àròpọ̀ rẹ̀ jẹ́ 29.

Hurling ni ẹnìkejì rẹ̀. Ọ̀pá pẹrẹsẹ tí wọ́n fi igi gbẹ́ ni wọ́n ń lò, bọ́ọ̀lù rẹ̀ kéré, ó sì le. Lọ́dún 2018, àjọ UNESCO fi eré yìí sára àwọn àṣà tí aráyé gbọ́dọ̀ tọ́jú. GAA, àjọ tí wọ́n dá sílẹ̀ nílùú Thurles lọ́dún 1884, ló ń darí eré méjèèjì.

Ibi tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ fetí sí nìyí: kò sẹ́ni tó ń gba owó oṣù níbẹ̀. David Clifford, tí gbogbo wọn ń pè ní ọ̀gá nínú eré náà lónìí, tíṣà ni. Kò sì sí ọjà tí wọ́n ti ń ra agbábọ́ọ̀lù. Àdúgbò ṣọ́ọ̀ṣì Àgùdà ni ọ̀pọ̀ kíláàbù dúró lé. Ibi tí wọ́n bí ẹ sí, tàbí tí ò ń gbé, ibẹ̀ lo máa gbá bọ́ọ̀lù fún. Bí Arsenal ò bá ní ẹni tó lè gbá góòlù wọlé, wọ́n á ná owó. Bí kíláàbù abúlé kan ní Kerry ò bá lẹ́ni, àfi kí wọ́n dúró de ọmọ tí wọ́n máa bí.

Bí àwọn ọ̀dọ́ bá kó kúrò lábúlé, kíláàbù náà ń kó lọ nìyẹn.

Gúúsù Kerry

Gbogbo èèyàn Kerry kò ju bíi 156,000 lọ. Alimosho nìkan ju bẹ́ẹ̀ lọ fíìfíì. Láàárín wọn, apá gúúsù, níbi tí ilẹ̀ ti yọrí sínú òkun Àtìláńtíìkì, ló ń rí ìnira yìí jù.

Apá yìí kì í ṣe ibi yẹpẹrẹ o. Mick O'Connell, balógun Kerry tó gba ife lọ́dún 1959, ọmọ erékùṣù Valentia ni. Jack O'Shea tó gba ife náà lẹ́ẹ̀méje àti Maurice Fitzgerald tó jẹ́ irawọ̀ ọdún 1997, kíláàbù kan náà ni wọ́n ti wá: St Mary's, nílùú kékeré tó ń jẹ́ Cahersiveen.

Kí ló wá ṣẹlẹ̀? Ohun tẹ́yin náà mọ̀ dáadáa ni: jápa. Ọmọ á parí ilé ìwé girama, á lọ yunifásítì ní Cork tàbí Dublin, iṣẹ́ á dá a dúró síbẹ̀. Àwọn mìíràn á gba Australia lọ. Ẹni tó bá fẹ́ padà wálé kò ní tètè rí ilé, torí òkun dára níbẹ̀, àwọn olówó sì ti ra ọ̀pọ̀ ilé fún ìsinmi. Àwọn tó ṣẹ́ kù náà ò bímọ púpọ̀ bíi ti àwọn òbí wọn.

Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà, ohun tí wọ́n sì ń ṣe nìyẹn. Kíláàbù méjì tàbí mẹ́ta á pa àwọn ọmọdé wọn pọ̀ kí wọ́n lè rí ikọ̀ kan. Àwọn tó ti ń bá ara wọn jà lórí bọ́ọ̀lù láti ayé bàbá bàbá wọn, wọ́n ti ń wọ aṣọ kan náà.

Kí ló dé tí Kerry ṣì ń borí?

Nítorí ọgbọ́n kan tí wọ́n ti ń dá tipẹ́. Nínú ìdíje àwọn kíláàbù Kerry, àwọn kíláàbù kéékèèké tó wà ní agbègbè kan lè para pọ̀ di ikọ̀ kan ṣoṣo láti kojú àwọn ńlá. Kíláàbù Clifford ni Fossa, ibi kékeré kan lẹ́bàá Killarney. Ní oṣù Kìíní ọdún 2023, Fossa gba ife gbogbo Írẹ́láńdì fún àwọn kíláàbù kéékèèké. Àmọ́ nínú ìdíje ńlá Kerry, East Kerry ni Clifford ń gbá fún, wọ́n sì gba ife náà ní 2019, 2020, 2022 àti 2023.

Ọgbọ́n yìí dára, ọmọ tó mọ bọ́ọ̀lù kì í ṣòfò sábúlé. Àmọ́ lójú tèmi, ó ń bo egbò mọ́lẹ̀. Ikọ̀ agbègbè á máa tàn, ife á máa wọlé, kò sì ní sẹ́ni tó máa ṣàkíyèsí pé abúlé tó wà nídìí rẹ̀ ń tán lọ.

Hurling ńkọ́?

Ìyẹn tún ṣẹlẹgẹ́ jù. Lọ́dún 1891 ni Kerry gba ife hurling gbogbo Írẹ́láńdì, Ballyduff ló ṣojú wọn, wọn ò tíì gbà á mọ́. Igun kékeré kan ní àríwá ló gbé eré náà ró: Ballyduff, Causeway, Lixnaw, Kilmoyley, Abbeydorney àtàwọn díẹ̀ mìíràn. Ní 2020, 2021 àti 2022, Kerry dé àṣekágbá Joe McDonagh, ìdíje ìpele kejì, wọ́n sì fìdí rẹmi lẹ́ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Bí kíláàbù méjì péré bá tú níbẹ̀, káúńtì odindi máa mọ̀ ọ́n lára.

Ibi tí ìrètí wà

Ìlú ń kún bí abúlé ṣe ń ṣófo. Ní Tralee, Tralee Parnells ń gbin hurling sáàárín ìlú. Níbẹ̀ náà ni kíláàbù Na Gaeil wà, kíláàbù Stefan Okunbor, ọmọ tí ẹ̀jẹ̀ Nàìjíríà wà lára rẹ̀, tó lọ sí Geelong ní Australia kó tó padà wá wọ aṣọ Kerry. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò ní Írẹ́láńdì, ẹ sọ fún wọn kí wọ́n mú ọmọ wọn lọ sí kíláàbù tó wà nítòsí. Kò sí ọ̀nà tó yá ju ìyẹn lọ láti di ará ìlú, kíláàbù náà sì nílò ọmọ.

Àmọ́ Tralee ò lè gba bọ́ọ̀lù fún Valentia. Jarlath Burns, ààrẹ GAA, ti gbé ìgbìmọ̀ kan kalẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ iye èèyàn yìí, ìyẹn dáa. Ṣùgbọ́n GAA ò lè kọ́lé, kò sì lè dá iṣẹ́ sílẹ̀. Iṣẹ́ ìjọba nìyẹn.

Àwọn àgbà ní bí iná bá kú, a fi eérú bojú. Bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ bá kú, a fi ọmọ rẹ̀ rọ́pò. Nígbà mìíràn tẹ́ ẹ bá rí Kerry tó gbé ife sókè, ẹ má ka ife. Ẹ béèrè iye ọmọ ọdún mẹ́wàá tó wà lábúlé.