Bí Tábílẹ́ẹ̀tì Bá Kú Lẹ́yìn Tí Wáráńtì Rẹ̀ Ti Parí



Ohun tí síléètì jẹ́ fún àwa nígbà tí a wà ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni tábílẹ́ẹ̀tì ń jẹ́ fún àwọn ọmọ wa lónìí. Bí síléètì bá fọ́, gbogbo ojú ni yóò rí i pé ó fọ́; ṣùgbọ́n tábílẹ́ẹ̀tì a máa kú láìní ọgbẹ́ kankan lára. Ọmọ yóò lò ó títí di alẹ́. Nígbà tí ilẹ̀ bá mọ́, yóò tẹ̀ ẹ́ títí, ojú rẹ̀ yóò dúdú bí ìdí ìkòkò. Ní ọdún 2013, nígbà tí ìjọba Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun bẹ̀rẹ̀ sí í pín èyí tí wọ́n pè ní Ọpọ́n Ìmọ̀ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ girama, ìwé ẹ̀kọ́ àti ìbéèrè ìdánwò àtẹ̀yìnwá ni wọ́n kó sínú rẹ̀. Láti ìgbà náà wá, ọ̀pọ̀ òbí ti fi owó ara wọn ra irú rẹ̀ fún ọmọ. Nítorí náà, bí ó bá kú ní ọ̀sẹ̀ méjì sí ìdánwò, kì í ṣe ohun ìṣeré ni ó kú.

Òbí yóò wá rìsíìtì jáde, yóò sì rí i pé oṣù 12 tí ilé-iṣẹ́ fi ṣe onígbọ̀wọ́ ọjà náà ti kọjá. Ohun méjì ni ọ̀pọ̀ wa máa ń ṣe lẹ́yìn èyí: àwọn kan á jù ú sínú àpótí, wọ́n á lọ ra òmíràn, àwọn mìíràn á gbé e fún oníṣẹ́ àkọ́kọ́ tí wọ́n bá rí ní ẹ̀bá ọ̀nà. Ọ̀nà méjèèjì lè náni ní ohun tí kò yẹ kó náni. Àwọn àgbà ní bí a bá fi ẹ̀sọ̀ pa èèrà, a ó rí ìfun inú rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí á fi ẹ̀sọ̀ yẹ ọ̀rọ̀ yìí wò.

Ṣé ó kú lóòótọ́?

Ohun mẹ́rin ló wà tó máa ń jọ ikú, tí kì í sì í ṣe ikú. Èkíní ni bátìrì tó gbẹ tán. Bátìrì líthíọ̀mù tó wà nínú àwọn ẹ̀rọ wọ̀nyí a máa jò díẹ̀díẹ̀ bí a kò tilẹ̀ lò ó. Bí tábílẹ́ẹ̀tì bá ti wà nínú àpótí fún oṣù mélòó kan, agbára rẹ̀ lè lọ sílẹ̀ débi pé kò ní fi àmì kankan hàn nígbà tí a bá kọ́kọ́ fi iná sí i. Ẹ fi í sí iná fún wákàtí mélòó kan kí ẹ tó sọ̀rọ̀ ikú. Ẹ sì wo ṣájà tí ẹ ń lò: ṣájà fóònù kékeré tó ń gbé wọ́ọ̀tì 5 jáde lè má tó fún tábílẹ́ẹ̀tì tó nílò wọ́ọ̀tì 10 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ pààrọ̀ okùn, ẹ pààrọ̀ ṣájà, ẹ sì lo ojú iná mìíràn.

Èkejì ni ìdọ̀tí. Òwú àpò àti eruku a máa kó sí ihò tí a ń ki okùn ṣájà bọ̀, okùn náà kò sì ní wọlé dé ibi tó yẹ. Ẹ fi igi ìtayín tẹ́ẹ́rẹ́ yọ ọ́ jẹ́jẹ́. Ẹ má ṣe fi abẹ́rẹ́ tàbí irin kankan kàn án.

Ẹ̀kẹta ni kí ètò inú rẹ̀ dì gbagidi. Èyí tó ń lo Android, ẹ tẹ bọ́tìnì ìtanná àti èyí tí a fi ń dín ohùn kù pọ̀, kí ẹ má sì fi ọwọ́ kúrò fún nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá 20. Ti iPad tó ní bọ́tìnì róbótó nísàlẹ̀, ẹ tẹ bọ́tìnì náà àti ti òkè pọ̀ títí àmì Apple yóò fi yọ. Èyí tí kò ní bọ́tìnì ìsàlẹ̀, ẹ tẹ bọ́tìnì ohùn tó sún mọ́ ti òkè kí ẹ fi í sílẹ̀, ẹ tẹ èkejì rẹ̀ kí ẹ fi í sílẹ̀, lẹ́yìn náà kí ẹ tẹ ti òkè mọ́lẹ̀ títí àmì yóò fi hàn. Èyí kì í pa ohunkóhun tó wà nínú rẹ̀ rẹ́.

Ẹ̀kẹrin ni pé ojú lásán ló kú, tí ara ṣì yè. Bí ẹ bá ki okùn ṣájà bọ̀ ọ́ tí ẹ gbọ́ ìró, tàbí tí ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sí i nínú òkùnkùn tí ẹ rí àwòrán fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, ojú ni kí ẹ wá owó rẹ̀, kì í ṣe odidi ẹ̀rọ.

Ìkìlọ̀ méjì kan wà níbí. Bí ẹ̀yìn tábílẹ́ẹ̀tì bá wú, bátìrì rẹ̀ ti bàjẹ́, ó sì lè gbiná: ẹ má fi iná sí i, ẹ má tẹ̀ ẹ́, ẹ má gún un. Bí omi bá wọ inú rẹ̀, ẹ pa á, kí ẹ má sì fi iná sí i rárá títí oníṣẹ́ yóò fi ṣí i. Rírì í mọ́ inú ìrẹsì kò ṣe é ní oore. Eruku ìrẹsì náà lè tún bà á jẹ́ sí i.

Kí ni ó parí nígbà tí wáráńtì parí?

Wáráńtì ni ìlérí tí ilé-iṣẹ́ ṣe pé, láàárín ìgbà kan, òun yóò tún ohun tó bá bàjẹ́ láti ọwọ́ òun ṣe láìgba owó. Nígbà tí ìgbà náà bá parí, ọ̀fẹ́ náà ló parí. Iṣẹ́ àtúnṣe kò parí, ẹ̀tọ́ oníbàárà kò sì parí.

Àwọn ilé-iṣẹ́ ńláńlá ṣì máa ń tún ọjà wọn ṣe fún owó lẹ́yìn wáráńtì. Carlcare ló ń ṣe èyí fún Tecno, Infinix àti itel ní orílẹ̀-èdè wa. Apple ní tirẹ̀ ń pèsè ẹ̀yà ara fún ẹ̀rọ rẹ̀ fún ó kéré tán ọdún 5 láti ìgbà tó ti dẹ́kun títà á. Bí ó bá ti kọjá ọdún 7, ó ṣòro kí wọ́n tó gbà á. Kí ẹ tó gbé e lọ síbẹ̀, ẹ béèrè bóyá èyí tí ẹ gbé wá gan-an ni wọn yóò dá padà, nítorí nígbà mìíràn òmíràn ni wọ́n máa ń gbé fún oníbàárà, ohun tó wà nínú ti àkọ́kọ́ kò sì ní bá a wá.

Ní ti ẹ̀tọ́, òfin ìdáàbòbò oníbàárà ti ọdún 2018, èyí tó dá àjọ FCCPC sílẹ̀, sọ pé ọjà gbọ́dọ̀ dára, kí ó sì ṣeé lò fún ìgbà tó bójú mu. Èyí kò túmọ̀ sí pé gbogbo ẹ̀rọ tó bá kú ni olùtajà yóò san. Ṣùgbọ́n bí tábílẹ́ẹ̀tì tí ẹ kò jù sílẹ̀, tí omi kò kàn, bá kú ní ọ̀sẹ̀ díẹ̀ lẹ́yìn wáráńtì, ẹ ní ẹnu ọ̀rọ̀. Ẹ kọ lẹ́tà ọlọ́wọ̀ sí olùtajà, ẹ fi ẹ̀dà rìsíìtì sínú rẹ̀, ẹ sọ ọjọ́ tó kú àti ohun tí ẹ fẹ́. Bí wọ́n bá kọ etí ikún, ẹ lè gbé ẹ̀sùn náà lọ sọ́dọ̀ àjọ náà. Ẹni tó bá sọ rìsíìtì nù ti sọ ẹnu rẹ̀ nù.

Lọ́dọ̀ oníṣẹ́

Àwọn oníṣẹ́ tó mọ iṣẹ́ pọ̀ ní Computer Village ní Ìkẹjà, wọ́n sì wà ní àwọn ìlú wa gbogbo. Ṣùgbọ́n ojú ni alákàn fi ń ṣọ́rí. Ẹ béèrè ohun tó kú gan-an: ṣé bátìrì ni, ojú ni, ihò ṣájà ni, àbí pánẹ́ẹ̀lì inú rẹ̀? Ẹ jẹ́ kí ó dá iye owó ẹ̀yà ara àti owó iṣẹ́ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ kí ó tó fọwọ́ kàn án. Ẹ yọ síìmù àti káàdì ìpamọ́. Ẹ kọ nọ́ńbà ìdánimọ̀ ẹ̀rọ náà sílẹ̀. Ẹ ní kí ó dá èyí tó yọ padà fún yín, kí ó sì kọ iye ìgbà tí yóò fi ṣe onígbọ̀wọ́ iṣẹ́ rẹ̀ sínú rìsíìtì.

Opó kan wà nínú ìjọ tí mo ń bójú tó, tí ohùn ọkọ rẹ̀ olóògbé wà nínú tábílẹ́ẹ̀tì kan; ọkọ náà ti ka àdúrà fún àwọn ọmọ rẹ̀ síbẹ̀ lórí ibùsùn àìsàn. Nígbà tí ẹ̀rọ náà kú, oníṣẹ́ àkọ́kọ́ ní pánẹ́ẹ̀lì ló jó, pé òun yóò pààrọ̀ rẹ̀, òun yóò sì nu inú rẹ̀ mọ́ tónítóní. Ìyá náà gbé e kúrò níbẹ̀. Oníṣẹ́ kejì fi ẹ̀rọ wọn iná bátìrì, ó rí i pé bátìrì nìkan ló kú. Ó pààrọ̀ rẹ̀, ohùn náà sì wà níbẹ̀. Bí wọ́n bá ti pààrọ̀ pánẹ́ẹ̀lì yẹn, kò sí owó tí ì bá rà á padà.

Ìdí rẹ̀ nìyí: nínú ọ̀pọ̀ tábílẹ́ẹ̀tì ìwòyí, ibi ìpamọ́ ọ̀rọ̀ àti àwòrán lẹ̀ mọ́ pánẹ́ẹ̀lì, a sì ti fi kọ́kọ́rọ́ àṣírí tì í pa. A kò lè yọ ọ́ kí á fi sínú òmíràn bí a ti ń yọ káàdì. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tí ẹ ó bá oníṣẹ́ sọ ni èyí: “Ẹ má nu ohunkóhun nínú rẹ̀.” Nígbà tí ẹ̀rọ bá sì wà láàyè ni kí á ti ṣe ẹ̀dà ohun tó ṣe pàtàkì sínú kọ̀ǹpútà, Google Drive tàbí iCloud.

Àtúnṣe tàbí òmíràn?

Ìlànà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń tẹ̀lé ni pé bí owó àtúnṣe bá ju ìdajì owó irú rẹ̀ mìíràn lọ, kí á ra òmíràn. Bátìrì àti ihò ṣájà sábà máa ń yẹ ní títúnṣe. Ojú rẹ̀ gba ìrònú. Pánẹ́ẹ̀lì kò sábà yẹ, àyàfi bí ohun tó wà nínú rẹ̀ bá níye lórí ju ẹ̀rọ lọ. Ẹ wo ọjọ́ orí rẹ̀ pẹ̀lú: èyí tí ilé-iṣẹ́ rẹ̀ kò tún ètò rẹ̀ ṣe mọ́ yóò máa kọ àwọn ètò ẹ̀kọ́ tuntun, bátìrì tuntun kò sì lè wo ìyẹn sàn.

Bí ó bá jẹ́ tòkunbọ̀ ni ẹ fẹ́ rà dípò rẹ̀, ẹ rí i dájú pé ẹni tó lò ó tẹ́lẹ̀ ti yọ àkáǹtì Google tàbí Apple rẹ̀ kúrò. Bí kò bá yọ ọ́, lọ́jọ́ tí ẹ bá nu inú rẹ̀ mọ́, yóò béèrè kọ́kọ́rọ́ ẹni tí ẹ kò mọ̀, yóò sì di pátákó lọ́wọ́ yín. Èyí tó kú pátápátá, ẹ má jù ú sí ààtàn, ẹ má sì dáná sun ún, nítorí bátìrì rẹ̀ léwu. Ẹ béèrè lọ́dọ̀ ilé-iṣẹ́ àtúnṣe bí wọ́n bá ń gba irú rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ìkẹyìn mi kan ẹ̀yin ẹgbẹ́ ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ àtijọ́ tí ẹ ń gbèrò láti fi tábílẹ́ẹ̀tì ta ilé-ẹ̀kọ́ wa lọ́rẹ nínú ọdún àjọ̀dún yìí. Ẹ̀bùn rere ni. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá fẹ́ fún wọn ní 20, ẹ jẹ́ kí ó jẹ́ 17, kí ẹ sì fi owó ìyókù pamọ́ fún bátìrì, ṣájà àti oníṣẹ́. Ẹ fi rìsíìtì rẹ̀ lé ọwọ́ ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́. Ọdún kejì, nígbà tí wáráńtì bá ti parí, ni a óò mọ̀ bóyá a fún àwọn ọmọ náà ní ẹ̀bùn tàbí a kàn fún wọn ní àwòrán ọjọ́ àjọ̀dún.

Kí Olúwa jẹ́ kí ilé-ẹ̀kọ́ wa pẹ́, kí ó sì máa gbèrú sí i. Ẹ kú ọdún, ẹ kú ìyèdún.