Ikọ́ Tí Kò Fẹ́ Lọ

Tí wọ́n bá ń dín ata nínú ilé, kì í pẹ́ tí bàbá, ìyá àtàwọn ọmọ á fi bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́. Kì í ṣe òtútù ló mú wọn. Èéfín ata ló ta àwọn iṣan tó ń gbé ìsọfúnni láti ọ̀nà èémí lọ sí ọpọlọ, ọpọlọ sì ní kí ara lé e jáde.

Àwọn iṣan yìí tún máa ń tú kẹ́míkà sílẹ̀. Ọ̀kan ni substance P, tí Ulf von Euler àti John Gaddum ṣàwárí lọ́dún 1931. Ó lè mú kí ọ̀nà èémí wú, kí kẹ̀lẹ̀bẹ̀ sì pọ̀. Lára ẹni tó ní asthma, tàbí ẹni tí ikọ́ ti ń yọ lẹ́nu fún ohun tó lé ní ọ̀sẹ̀ 8, àwọn iṣan náà lè máa tètè ta gìrì. Lọ́fíńdà tàbí ẹ̀rín lásán lè fa ikọ́. Kì í ṣe pé onítọ̀hún ń ṣe àṣejù.

Oògùn náà lè dá kún un. Lisinopril àtàwọn oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tó jọ ọ́ kì í jẹ́ kí ara tètè palẹ̀ irú kẹ́míkà bẹ́ẹ̀ mọ́, torí náà àwọn kan máa ń wú ikọ́ gbígbẹ. Kí ẹni tó bá ṣẹlẹ̀ sí má ṣe dá oògùn dúró fúnra rẹ̀. Kó sọ fún dókítà, torí ó lè fi òmíràn rọ́pò rẹ̀.

Síbẹ̀, ikọ́ tó bá ti pé ọ̀sẹ̀ 2 yẹ fún àyẹ̀wò ikọ́ ife, tí wọn kì í gbowó rẹ̀ láwọn ilé ìwòsàn ìjọba ní Nàìjíríà. Kí ìdílé tó ra ìgò oògùn ikọ́ kejì, ó yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ mọ ohun tó ń fa ikọ́ náà.