Oògùn Tí A Kì Í Dá Dúró Lójijì

Ọ̀rọ̀ ìlera ni a mú wá lóṣù yìí, nítorí aláàfíà ló ń ṣòwò.

Àìsàn kan wà tó ń mú kí iṣan ẹ̀jẹ̀ máa wú. Agbára tí Ọlọ́run fi sínú ara láti máa bá kòkòrò àìsàn jà ló yíjú padà sí onílé. Bí ògiri iṣan bá wú, ọ̀nà ẹ̀jẹ̀ á há. Ọ̀kan nínú irú rẹ̀ ni Takayasu. Dókítà ojú kan ní Jàpáànù, Mikito Takayasu, ló ṣàlàyé rẹ̀ ní 1908. Àwọn obìnrin tí kò tíì pé 40 ọdún ló ń mú jù. Apá á máa ro wọ́n bí wọ́n bá ń ṣiṣẹ́, a sì lè fọwọ́ kan ọrùn ọwọ́ wọn kí a má gbọ́ lílù ẹ̀jẹ̀ rárá.

Prednisolone ni dókítà sábà máa ń fi bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú rẹ̀. Ó máa ń jẹ́ kí wíwú náà rọlẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ara bá ti yá díẹ̀, tàbí tí owó bá tán, ẹlòmíràn á pa á tì. Ewu ńlá nìyẹn! Ohun kékeré méjì kan wà lórí kíndìnrín tó ń pèsè irú oògùn yìí fún ara. Bí a bá ti ń lo ti òde pẹ́, àwọn náà á sùn lọ. Ẹni tó bá dá a dúró lójijì, ó lè máa bì, kó rẹ̀ ẹ́ títí dé ojú ikú. Ìdí nìyí tí dókítà fi ń dín in kù díẹ̀díẹ̀ fún ọ̀pọ̀ oṣù, bí ìgbà tí a ń san ẹ̀yáwó ẹgbẹ́.

Oògùn náà ní ìbàjẹ́ tirẹ̀: ó lè gbé ṣúgà àti ẹ̀jẹ̀ ríru sókè, kó sọ egungun di ẹlẹgẹ́. Nítorí náà ni dókítà ṣe lè fi methotrexate kún un. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ ni a ń lo ìyẹn, kì í ṣe lójoojúmọ́, aboyún kò sì gbọdọ̀ fẹnu kàn án.

Ẹ̀yin tó ń ra prednisolone lọ́wọ́ oníkiri kí ẹ lè sanra, ẹ jọ̀wọ́, ẹ jáwọ́. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ti ń lò ó pẹ́, ẹ kọ́kọ́ lọ rí dókítà. Ẹni tí owó oògùn bá sì ń wọ̀ lọ́rùn, kó tètè sọ fún dókítà rẹ̀, kó sì wá rí wa ní ọ́fíìsì kí hóró ìkẹyìn tó tán.

Ọlọ́run á fún wa ní àlàáfíà o.