Labalábá Kì Í Ṣe Ohun À Ń Gbé Sí Fíríìjì

Fọ́tò labalábá tí ẹ̀yin ará ẹ̀ka wa yìn mí fún lọ́dún tó kọjá, irọ́ ló wà nínú rẹ̀. Mo mú un, mo gbé e sí fíríìjì títí òtútù fi mú un tì, mo wá gbé e lé orí òdòdó. Nígbà tí mo yà á tán, kò lè fò mọ́.

Inú igbó ni mo ń lọ bá wọn báyìí. Oòrùn ló ń mú iṣan tí labalábá fi ń fò gbóná, nítorí náà mo máa ń jáde nígbà tí ìrì ṣì wà lára ewé. Ẹ ó bá a lójú kan, tó tẹ́ ìyẹ́, tó ń yá oòrùn. Tí oòrùn bá mú tán, ẹ kàn máa sáré lásán ni.

Ojú rẹ̀ tètè ń rí ohun tó bá mira. Ẹ bẹ̀rẹ̀, ẹ rọra sún mọ́ ọn, ẹ má jẹ́ kí òjìji yín bọ́ lé e lórí. Kí ojú kámẹ́rà kọ ìyẹ́ rẹ̀ gbọọrọ, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ apá kan á hàn kedere, ìyókù á ṣe bàìbàì.

Lẹ́yìn òjò, ẹ wo etí ẹrẹ̀: akọ ló máa ń pọ̀ níbẹ̀, iyọ̀ ni wọ́n ń fà mu. Ti Charaxes tiẹ̀ yàtọ̀, kò ka òdòdó sí. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ti rà tàbí ìgbẹ́ ni tirẹ̀. Mo ti dojú bolẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìgbẹ́ ajá nítorí rẹ̀, fọ́tò ọ̀hún sì dùn-ún wò.