Ẹrẹ̀ Kábáìdì àti Eérú Èèpo Ìrẹsì fún Ògiri Adágún Ẹja

Ẹ̀yin àgbẹ̀ àti ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀, ọ̀pọ̀ nínú yín tí ó gbẹ́ adágún ẹja sí ilẹ̀ àbàtà ni ó mọ ìbànújẹ́ yìí: òjò ńlá rọ̀ lóru, ọ̀gbàrá wó ògiri amọ̀, kí ilẹ̀ tó mọ́, ẹja ti bá omi lọ.

Bí amọ̀ rírọ̀ bá mu omi yó, kì í lè di ara rẹ̀ mú mọ́. Ṣùgbọ́n ohun méjì tí à ń dà nù lè ràn án lọ́wọ́. Èkínní ni ẹrẹ̀ funfun tí ó ń kù nígbà tí àwọn jórinjórin bá ti fi omi àti kábáìdì ṣe gáàsì. Láìmù ni ó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Èkejì ni eérú èèpo ìrẹsì tí ó jóná dáadáa, tí kò dúdú mọ́. Láìmù yóò kọ́kọ́ so amọ̀ pọ̀. Lẹ́yìn náà, òun àti eérú yóò máa le díẹ̀díẹ̀ bí sìmẹ́ńtì.

Ẹ kọ́kọ́ dán an wò báyìí:

1. Ẹ sá ẹrẹ̀ náà sí oòrùn, jìnnà sí iná, nítorí gáàsì lè kù nínú rẹ̀. Ẹ dáàbò bo ọwọ́ àti ojú yín, nítorí ó ń bó ni lára.
2. Ẹ lọ amọ̀ gbígbẹ, kí ẹ sì wọn agolo 20 sí ọ̀nà mẹ́ta. Ẹ má fi nǹkan kan sí èkínní. Ẹ fi agolo láìmù 1 àti eérú 2 sí èkejì; láìmù 2 àti eérú 2 sí ẹ̀kẹta.
3. Ẹ fi omi pò wọ́n, ẹ gún wọn kí wọ́n ki, ẹ mọ wọ́n ní ìṣù. Ẹ fi ewé tútù bò wọ́n fún ọjọ́ 28.
4. Ẹ jẹ́ kí wọ́n gbẹ, kí ẹ sì kó wọn sínú omi di ọjọ́ kejì.

Èyí tí kò bá yọ́ ni kí ẹ lò. Bí gbogbo wọn bá yọ́, amọ̀ yín kò yẹ fún iṣẹ́ yìí. Ẹ má ṣe fi owó ṣòfò.

Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ni kí ẹ fi í rẹ́ ẹ̀gbẹ́ ògiri tí ó kọjú sí omi, kí ó nípọn tó ínǹṣì 6, kí ẹ sì bò ó fún ọjọ́ 28 bákan náà. Láìmù a máa pa ẹja: ẹ rọ omi kún adágún, ẹ fà á dà síbi tí kò ti ní wọ odò, ẹ tún un ṣe lẹ́ẹ̀mejì tàbí mẹ́ta. Ẹja díẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ fi dán an wò.

Ẹrù yìí wúwo fún ẹnì kan. Kí ẹgbẹ́ háyà ọkọ̀ kan kó o wá fún gbogbo yín, nítorí àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà.