Kí ló ṣẹlẹ̀ nílé ọtí Julius' ní New York lọ́dún 1966?

Ní ọjọ́ kọkànlélógún oṣù kẹrin ọdún 1966, àwọn ọkùnrin mẹ́ta tí wọ́n wọ kóòtù, tí wọ́n de táì, ń rìn káàkiri ìgboro New York láti ilé ọtí kan dé òmíràn. Kì í ṣe pé òùngbẹ ń gbẹ wọ́n. Ẹni tí yóò kọ̀ láti ta ọtí fún wọn ni wọ́n ń wá, àwọn akọ̀ròyìn sì tẹ̀lé wọn kí wọ́n lè fojú ara wọn rí i. Dick Leitsch, Craig Rodwell àti John Timmons ni orúkọ wọn. Ọmọ ẹgbẹ́ Mattachine ni wọ́n, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn ọkùnrin tí ń fẹ́ ọkùnrin, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Los Angeles ní 1950, tó sì ti ní ẹ̀ka ní New York.

Ẹ̀yin òǹkàwé wa mọ ohun tí ẹ̀sìn wa sọ nípa ọtí, ẹ sì mọ ohun tó sọ nípa kí ọkùnrin máa bá ọkùnrin lò. Ìdájọ́ náà kò yí padà, a ò sì ní máa tún un sọ. Àmọ́ bí oṣù kẹfà bá ti dé lọ́dọọdún, àwọn ọmọ wa tó ń gbé ní London àti Amẹ́ríkà máa ń rí àsíá aláwọ̀ òṣùmàrè lójú títì, lójú fèrèsé ilé ìfowópamọ́, àní nílé ìwé wọn pàápàá. Wọn a béèrè lọ́wọ́ òbí wọn ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀. Bí òbí bá kàn ní kí wọ́n dákẹ́, wọn a lọ béèrè níbòmíràn. Ìdí nìyí tí a fi fẹ́ ṣàlàyé rẹ̀ níbí. Ọ̀rọ̀ ìwé àṣẹ ọtí títà àti ọ̀rọ̀ rìbá pọ̀ nínú rẹ̀ ju bí ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣe rò lọ.

Láti 1920 títí di 1933 ni òfin Amẹ́ríkà fi ka ọtí léèwọ̀. Òfin kà á léèwọ̀, ṣùgbọ́n ọkàn àwọn ará ìlú kò kà á léèwọ̀, àwọn jàǹdùkú tí ń tà á ní bòókẹ́lẹ́ ló sì jèrè rẹ̀. Nígbà tí wọ́n fagi lé òfin yìí, ìpínlẹ̀ New York dá àjọ kan sílẹ̀, State Liquor Authority, tí yóò máa fún àwọn ilé ọtí ní ìwé àṣẹ, tí yóò sì lè gbà á padà. Òfin ní ẹni tó bá gba ìwé náà kò gbọdọ̀ jẹ́ kí ilé ọtí rẹ̀ di ilé rúkèrúdò. Kò sí ibi tí wọ́n kọ ọ́ sí pé kí wọ́n má ta ọtí fún ọkùnrin tí ń fẹ́ ọkùnrin. Ṣùgbọ́n lójú àjọ náà, bí irú wọn bá ti pé jọ síbì kan, wọn ì báà jókòó jẹ́ẹ́ bí ẹni tó ń retí bàálù, rúkèrúdò náà nìyẹn.

Bí wọ́n ṣe ń fìdí rẹ̀ múlẹ̀ ló yani lẹ́nu. Ọlọ́pàá kan yóò bọ́ aṣọ iṣẹ́ rẹ̀, yóò wọ aṣọ tó gbayì, yóò wá jókòó ti ọkùnrin kan, yóò ra ọtí fún un, yóò máa bá a ṣàwàdà. Bí ọkùnrin náà bá ti dá a lóhùn bí ọlọ́pàá ṣe fẹ́, ó di kí wọ́n fi ṣẹkẹ́ṣẹkẹ̀ sí i lọ́wọ́. Ilé ọtí yóò di ẹni àwátì, oníbàárà yóò pàdánù iṣẹ́ rẹ̀, nígbà míì ìdílé rẹ̀ pẹ̀lú.

Nígbà tí oníṣòwò gidi ti ń sá, ta ni yóò ṣílẹ̀kùn fún wọn? Máfíà ni. Ilé ọtí Stonewall Inn tó wà ní òpópónà Christopher, tí àwọn Máfíà sọ di ibi ìpàdé irú àwọn ènìyàn bẹ́ẹ̀ ní 1967, kò ní ìwé àṣẹ ọtí rárá. Wọ́n ń díbọ́n pé ilé ẹgbẹ́ ni, pé oníkálukú ló gbé ìgò tirẹ̀ wá. Ọtí tí wọ́n là lómi ni wọ́n ń tà lówó gọbọi. Kò sí omi ẹ̀rọ níbi tí wọ́n ti ń bu ọtí, wọ́n kàn ń ri ife sínú omi kan náà ni, wọn a sì tún bu ọtí sínú rẹ̀ fún ẹlòmíràn. Owó ẹ̀yìn sì ń lọ sọ́wọ́ àwọn ọlọ́pàá àdúgbò déédéé, kí wọ́n lè ta wọ́n lólobó kí wọ́n tó wá túlé. Ẹ̀yin tí ẹ ti wa ọkọ̀ láti Ìbàdàn dé Èkó rí, a ò ní láti túmọ̀ èyí fún yín.

Ohun tí àwọn mẹ́ta yẹn fẹ́ túdìí rẹ̀ nìyẹn. Ọ̀dọ̀ àwọn ọ̀dọ́ aláwọ̀ dúdú ni wọ́n ti kọ́ ọgbọ́n rẹ̀. Ní oṣù kejì 1960, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́rin jókòó nídìí káńtà oúnjẹ ní ìlú Greensboro níbi tí wọn kì í ti í ta oúnjẹ fún ènìyàn dúdú, wọ́n sì kọ̀, wọn ò dìde. Sit-In ni wọ́n pe tiwọn. Àwọn ti New York wá pe tiwọn ní Sip-In.

Ilé àkọ́kọ́ tí wọ́n dé, ilé oúnjẹ kan tó gbé pátákó sójútáyé pé kí irú wọn máa lọ, ti gbọ́ pé oníròyìn ń bọ̀, ó sì ti tilẹ̀kùn. Ní Howard Johnson's, wọ́n fi ìwé sọ irú ẹni tí wọ́n jẹ́, wọ́n ní àwọn kò ní dá rúkèrúdò sílẹ̀, àwọn sì fẹ́ kí wọ́n ta ọtí fún àwọn. Máníjà bú sẹ́rìn-ín, ó ní kí wọ́n gbé ọtí wá. Bákan náà ló rí ní Waikiki. Ẹ wo ìṣòro ńlá: ẹni tó ń wá ìwọ̀sí, ọ̀yàyà ló ń rí, ọtí sì ti ń wọ̀ ọ́ lára díẹ̀díẹ̀.

Wọ́n wá kọrí sí Julius', ní òpópónà West 10th, Randy Wicker sì di ẹnì kẹrin wọn. Ọ̀pọ̀ oníbàárà ibẹ̀ ni ọkùnrin tí ń fẹ́ ọkùnrin, ṣùgbọ́n ọlọ́pàá ti mú ènìyàn níbẹ̀ ní ọjọ́ díẹ̀ ṣáájú, ẹ̀rù ìwé àṣẹ sì ń ba onílé. Agbọ́tí ti gbé ife kalẹ̀ kí wọ́n tó sọ irú ẹni tí wọ́n jẹ́. Bí wọ́n ṣe sọ ọ́ tán, ó fi àtẹ́lẹwọ́ bo ife náà. Fred McDarrah, ayàwòrán ìwé ìròyìn Village Voice, ya fọ́tò ọwọ́ náà.

Nígbà tí ọ̀rọ̀ náà dé inú ìwé ìròyìn, Donald Hostetter, alága àjọ ọtí, ní àjọ òun kò ṣe irú òfin bẹ́ẹ̀ rí. Ẹ ò rí nǹkan! Ohun tó ti ń ti ilé ọtí pa láti ọdún pípẹ́, ẹni tó ń ṣe é kò lè dúró ti ọ̀rọ̀ rẹ̀ ní gbangba. Lọ́dún kejì, ilé ẹjọ́ tó ga jù ní New Jersey, ìpínlẹ̀ tó múlé gbè wọ́n, dájọ́ pé a kò lè gba ìwé àṣẹ ilé ọtí nítorí pé irú àwọn ènìyàn wọ̀nyí ń pé jọ síbẹ̀, níwọ̀n ìgbà tí wọn kò bá hùwà tí kò yẹ. Ìjà tó bẹ́ ní Stonewall ní òru ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n oṣù kẹfà 1969, nígbà tí ọlọ́pàá wá túlé, ni gbogbo ayé mọ̀. Òun ni wọ́n ń rántí nínú oṣù kẹfà. Ní 2019, ọ̀gá ọlọ́pàá New York, James O'Neill, tọrọ àforíjì lórí rẹ̀. Julius' ṣì wà níbẹ̀ títí di òní.

Ìtàn kan wà tí àwọn àáfáà fẹ́ràn láti máa sọ nípa Sàyídínà Umar. Ó gbọ́ ohùn nínú ilé kan lóru, ó fo ògiri wọlé, ó sì bá ọkùnrin kan nídìí ọtí. Ọkùnrin náà ní ẹ̀ṣẹ̀ kan lòun dá, Umar ti dá mẹ́ta: ó tọpinpin, kò gba ẹnu ọ̀nà wọlé, kò sì sálámà. Umar fi í sílẹ̀. Àwọn onímọ̀ ní ọ̀rọ̀ lórí bí ìtàn náà ṣe dé ọ̀dọ̀ wa, ṣùgbọ́n wọn kò jiyàn lórí pé ìtọpinpin jẹ́ èèwọ̀. Ọtí kò tìtorí rẹ̀ di hàláàlì.

Nílé wa níbí, òfin tí Ààrẹ Goodluck Jonathan bu ọwọ́ lù ní oṣù kìíní 2014 fi ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́wàá lé orí ẹni tó bá dá irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ tàbí tó fi ìfẹ́ bẹ́ẹ̀ hàn ní gbangba. Ní oṣù kẹjọ 2018, ọlọ́pàá ya wọ òtẹ́ẹ̀lì kan ní Ẹ̀gbẹ́dá l'Ékòó, wọ́n kó ọkùnrin 57. Àwọn kan nínú wọn ní ọjọ́ ìbí làwọn wá bá wọn ṣe. Wọ́n fi àwòrán wọn han aráyé kí adájọ́ tó gbọ́ ọ̀rọ̀ kankan. Àwọn 47 ni wọ́n gbé lọ sílé ẹjọ́, wọ́n sì ní àwọn kò jẹ̀bi. Ẹjọ́ náà fà títí di oṣù kẹwàá 2020, àwọn agbẹjọ́rò ìjọba kò sì mú àwọn ẹlẹ́rìí tó yẹ wá. Adájọ́ fagi lé e. Kò dá wọn láre, kò dá wọn lẹ́bi. Ìjọba ṣì lè gbé ẹjọ́ náà padà wá.