Aago Ọwọ́ Ìgbàlódé: Èyí Tí Ó Ń Kà, Èyí Tí Ó Ń Fojú Bù, Èyí Tí Ó Ń Méfò

Ní Agbowó níbí, smartwatch ti di ẹ̀bùn tí àwọn ọmọ tó wà lókè òkun máa ń fi ránṣẹ́ sí àwọn òbí wọn tó ti fẹ̀yìn tì. Àwọn kan so ó mọ́ ọwọ́, kìkì pé aago mélòó ló lù ni wọ́n ń wò nínú rẹ̀. Àwọn mìíràn sì sọ ọ́ di dókítà. Ti àkọ́kọ́, owó ló ṣòfò níbẹ̀. Ti èkejì lè gba ẹ̀mí.

Èdè ni mo fi gbogbo ayé mi kọ́, torí náà ẹ jẹ́ kí n fi ọ̀rọ̀-ìṣe ṣàlàyé. Ẹ rántí pé ìpajẹ àti àrànmọ́ ló sọ agogo di aago. Ìdí nìyẹn tí a ṣì fi ń sọ pé aago "lù", bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé gbígbọ̀n ni ti òde òní ń gbọ̀n. Ọ̀rọ̀-ìṣe mẹ́ta ni mo fẹ́ kí ẹ mú dání: kà, fojú bù, méfò. Nígbàkúùgbà tí aago yín bá gbé nọ́ńbà kan jáde, ẹ bi í léèrè: èwo lo ń ṣe nínú mẹ́ta yìí?

Iṣẹ́ ìránṣẹ́

Kí a tó kan nọ́ńbà rárá, aago yìí ń jíṣẹ́ dáadáa. Ẹ ṣètò rẹ̀ kí ó máa gbọ̀n ní àsìkò oògùn, láàárọ̀ àti lálẹ́. Ẹ̀yin nìkan ni yóò mọ̀, kò ní dí ìsìn tàbí ìpàdé lọ́wọ́. Bí ẹ bá wà nínú Micra láti Òjóo sí Ṣángo, tí fóònù ń dún nínú àpò, ẹ wo ọwọ́ kí ẹ mọ ẹni tó ń pè; kò sí pé à ń yọ fóònù jáde lójú ọ̀nà. Bí fóònù bá sì sọnù sábẹ́ ìrọ̀rí, ọ̀pọ̀ aago ní ibi tí a lè tẹ̀ tí fóònù yóò fi ké.

Èyí tí ó ń kà

Ó ń ka ìṣísẹ̀. Ẹ̀rọ kékeré kan nínú rẹ̀ ló ń mọ bí ọwọ́ ṣe ń mì. Ọwọ́ ló ń ṣọ́, kì í ṣe ẹsẹ̀. Nítorí náà, ẹni tó ń gúnyán lè rí ìṣísẹ̀ tí kò rìn, ẹni tó sì di agboòrùn mú ṣinṣin lè pàdánù èyí tó rìn.

Kí ló wá dé tí gbogbo ènìyàn ń lé 10,000 kiri? Ní ọdún 1965, ilé-iṣẹ́ kan ní Japan gbé ẹ̀rọ ìkàṣísẹ̀ kan jáde, wọ́n pè é ní manpo-kei. Man ni 10,000, po ni ìṣísẹ̀, kei ni òṣùwọ̀n. Orúkọ ọjà ni! Man fún wọn dà bí ọ̀kẹ́ fún wa, nọ́ńbà ńlá tó ní orúkọ tirẹ̀. Ká ní Yorùbá ló ṣe ẹ̀rọ náà ni, bóyá ọ̀kẹ́ kan, 20,000, ni gbogbo ayé ìbá máa lé.

Ìwádìí tí I-Min Lee àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé jáde ní Amẹ́ríkà lọ́dún 2019 tu àwa àgbà nínú. Àwọn obìnrin tó lé ní 16,000 ni wọ́n yẹ̀ wò, ìpíndọ́gba ọjọ́ orí wọn jẹ́ 72. Ikú láàárín àwọn tó ń rin nǹkan bí 4,400 lóòjọ́ kéré sí ti àwọn tó ń rin 2,700. Àǹfààní náà ń pọ̀ sí i títí dé nǹkan bí 7,500, kò sì fi bẹ́ẹ̀ lé mọ́ lẹ́yìn ìyẹn. Ẹ fi ọ̀sẹ̀ kan wo iye tí ẹ ń rìn gan-an, kí ẹ wá fi 500 lé e.

Ó tún ń ka bí ọkàn ṣe ń lù. Iná aláwọ̀ ewé tí ẹ ń rí lábẹ́ rẹ̀ ló fi ń ṣe é. Ẹ̀jẹ̀ máa ń gba iná yẹn mọ́ra. Bí ọkàn bá ti lù, ẹ̀jẹ̀ á pọ̀ sí i lábẹ́ awọ, ìmọ́lẹ̀ tó ń padà á dín kù, aago á sì ka ọ̀kan. Ẹ so ó kí ó lé eegun ọrùn ọwọ́ díẹ̀, kí ó má dẹ̀. Fún àgbà tó jókòó jẹ́ẹ́, 60 sí 100 láàárín ìṣẹ́jú kan ni a sábà ń kà sí déédéé. Ṣùgbọ́n bí àyà bá ń dun yín, ẹ má wo aago. Ilé ìwòsàn ni kí ẹ máa lọ.

Èyí tí ó ń fojú bù

Oorun wà níbí. Aago kò rí inú ọpọlọ. Ó ń wo bí ara ṣe ń yí àti bí ọkàn ṣe ń lù, ó wá ń fojú bu bí oorun ṣe jinlẹ̀ tó. Àkókò tí ẹ sùn àti èyí tí ẹ jí wúlò. Ìyókù, ẹ má jẹ́ kí ó gba oorun lójú yín.

Èyí tó ń sọ afẹ́fẹ́ inú ẹ̀jẹ̀ gba ìṣọ́ra, pàápàá fún àwa aláwọ̀ dúdú. Lọ́dún 2020, àwọn onímọ̀ ní Yunifásítì Michigan fi hàn pé ẹ̀rọ tí ilé ìwòsàn ń fi sí ìka pàápàá kì í rí i nígbà tí afẹ́fẹ́ bá lọ sílẹ̀ lára àwọn aláìsàn kan, ó sì ń ṣe bẹ́ẹ̀ fún aláwọ̀ dúdú ní nǹkan bí ìlọ́po mẹ́ta ti aláwọ̀ funfun. Ká tó wá sọ ti ọrùn ọwọ́!

Èyí tí ó ń méfò

Ibí ni ewu wà. Bàbá kan ládùúgbò wa fi oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, nítorí pé aago ọwọ́ wọn ń kọ nǹkan bí 120/80 lójoojúmọ́. Nígbà tí nọ́ọ̀sì fi ẹ̀rọ tí a ń wé mọ́ apá wọn ẹ̀jẹ̀ wọn, 180 ló wà lókè. Ìyàwó wọn so aago náà mọ́ ọwọ́ tiwọn, ó tún kọ 120/80.

Àwọn aago kan wà tó ń gbìyànjú rẹ̀ lóòótọ́, bíi ti Samsung, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ ìwé-mọ́-apá ni ẹ gbọ́dọ̀ fi tún un ṣe lẹ́ẹ̀kan ní ọjọ́ 28. Èyí tí kò bá bèèrè irú rẹ̀ rí, tó kàn ń sọ nọ́ńbà, ẹ má fi ṣe ìpinnu kankan. Ti ìtọ̀ ṣúgà le ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ní oṣù Kejì ọdún 2024, FDA, àjọ tó ń mójú tó oúnjẹ àti oògùn ní Amẹ́ríkà, kìlọ̀ pé àwọn kò tíì fọwọ́ sí aago tàbí òrùka kankan tó ń fúnra rẹ̀ wọn ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ láìgún awọ. Ẹni tó bá gba abẹ́rẹ́ ínsúlíìnì nítorí irú nọ́ńbà bẹ́ẹ̀ ń fi ẹ̀mí ta tẹ́tẹ́.

Ohun tí ẹ lè ṣe lálẹ́ òní

Ẹ pa ojú aago tó máa ń tàn ní gbogbo ìgbà, kí bátìrì lè pẹ́. Ẹ̀yin náà mọ bí iná ṣe rí lọ́dọ̀ wa. Ẹ so ó mọ́ iná nígbà tí ẹ bá ń wẹ̀. Ẹ pa ìkéde WhatsApp, ẹ fi ti ìpè nìkan sílẹ̀. Bí tiyín bá jẹ́ irú èyí tó ń mọ̀ bí ènìyàn bá ṣubú, ẹ tẹ nọ́ńbà ọmọ tàbí aládùúgbò sí i. Láìsí ìyẹn, ó lè má rí ẹni tí yóò pè. Bí ẹ bá ń lọ rí dókítà ní UCH tàbí níbòmíràn, ẹ mú àkọsílẹ̀ ìlù ọkàn yín fún oṣù kan dání. Iṣẹ́ akọ̀wé nìyẹn, ó sì mọ̀ ọ́n ṣe.

Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ń fi aago ránṣẹ́ sílé, ẹ kú iṣẹ́, a ó jẹun ọmọ. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ẹ̀rọ ìwé-mọ́-apá kan sínú ẹrù yẹn pẹ̀lú.